Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Gìtá Lókè Òkun: Ìrírí Mi

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe máa ń gbé mi lọ sí ìlú òkèèrè lóòrèkóòrè, gìtá títa, ìyẹn fífi gìtá kọrin, ni ó sì gba ọkàn mi jù lọ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ní Ìbàdàn, kò sí ìlú tí mo dé tí n kò béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Mo ti wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní Tokyo, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní Jámánì. Mo ti ra ọjà níbẹ̀, mo sì ti wo ọjà tán tí mo dá owó mi padà sápò. Ohun tí ó mú mi kọ ìwé yìí ni pé nígbà tí ẹnì kan nínú àwa akọrin bá fẹ́ rìnrìn àjò, iye owó nìkan ni àwọn yòókù sábà máa ń ní kó bá àwọn wò. Iye owó ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n gìtá tí a rà ní Tokyo kò ní gbé Tokyo. Inú ọyẹ́ àti òjò tiwa ni yóò máa gbé, ohun èlò tí a rà mọ́ ọn yóò máa lo iná tiwa, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwa ni gbogbo rẹ̀ yóò sì bọ́ sí lọ́jọ́ tí ó bá bàjẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn nìyẹn nígbà tí ó bá dúró níwájú ògiri tí gìtá kún bámúbámú.

Ibi tí mo ti rí gìtá tí ó pọ̀ jù lọ lójú kan ni Ochanomizu, àdúgbò kan ní àárín gbùngbùn Tokyo. Ọkọ̀ ojú irin Chuo tàbí Sobu ni ènìyàn yóò wọ̀ débẹ̀, yóò sì bọ́ sí òpópónà tí wọ́n ń pè ní Meidai-dori, èyí tí ó da gẹ̀rẹ́ lọ sí Jimbocho níbi tí àwọn tí ń ta ìwé àlòkù pọ̀ sí. Ọ̀tún ọ̀nà náà, gìtá. Òsì rẹ̀, gìtá. Àwọn ilé náà kò fẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ga, àjà kọ̀ọ̀kan sì ní irú ọjà tirẹ̀: ìsàlẹ̀ lè jẹ́ ti box guitar (gìtá oníhò láàárín tí kò nílò iná), òkè rẹ̀ ti gìtá oníná tuntun, òkè èyí tún jẹ́ ti àlòkù, kí béèsì gìtá sì wà lókè pátápátá. Shimokura, Kurosawa àti Ishibashi wà lára àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

Ẹni tí ọjà Alaba bá ti mọ́ lára ní láti fara balẹ̀ níbẹ̀. A kì í na ọwọ́ fa gìtá sílẹ̀ lára ògiri. Òṣìṣẹ́ ni ènìyàn yóò pè, òun ni yóò gbé e sílẹ̀, yóò tún ohùn okùn rẹ̀ ṣe, yóò so ó mọ́ ámpù (ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá jáde), yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún oníbàárà. Wọ́n lè ní kí ènìyàn bọ́ bẹ́líìtì tí ó ní irin níwájú kí ó má baà ha ẹ̀yìn gìtá. Ìwà yìí wù mí púpọ̀, nítorí pé ó fi hàn pé wọ́n ka ohun èlò náà sí. Ìnájà kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà ni wọ́n máa ń gbà. Síbẹ̀, ènìyàn lè fi ọ̀wọ̀ béèrè ènì, bíi báàgì tàbí okùn gìtá kan sí i, wọ́n sì lè fún un.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àlòkù ilẹ̀ Japan ni ìwé pélébé tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn. Lórí ìwé náà, wọ́n máa ń kọ ohun tí ó ń ṣe gìtá náà sílẹ̀: ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti họ, pickup (ohun tí ń gbé ohùn okùn lọ sínú wáyà) tí wọ́n ti pààrọ̀, kọ́kọ́rọ́ okùn tí kì í ṣe èyí tí ó bá a wá láti iléeṣẹ́, àti ìdá mélòó nínú mẹ́wàá ni irin fret rẹ̀ (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn gìtá) ṣì kù. Fóònù ni mo fi máa ń túmọ̀ rẹ̀. Ìwé yìí ṣe pàtàkì ju dídán ara gìtá lọ, nítorí pé irin fret ni owó wà nínú rẹ̀. Gìtá tí irin rẹ̀ ti jẹ dé ìdajì yóò béèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo irin náà láìpẹ́, àwọn tí ó sì mọ iṣẹ́ yẹn dunjú lọ́dọ̀ tiwa kò pọ̀.

Láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń ṣe gìtá Fender ní ilẹ̀ Japan, iléeṣẹ́ FujiGen ní ìlú Matsumoto ni ó sì kọ́kọ́ ń bá wọn ṣe é. Yàtọ̀ sí Fender, gìtá Greco, Tokai àti Burny ti àwọn ọdún tí ó ti kọjá wà lórí àtẹ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì lágbára tó èyí tí orúkọ rẹ̀ gbayì jù wọ́n lọ. Telecaster kan, irú gìtá oníná Fender kan, tí wọ́n ṣe ní Japan ni mo yàn. N óò sọ bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni mo máa ń gbà níbi gbogbo.

Kí wọ́n tó so ó mọ́ iná rárá, mo gbé orí gìtá náà sí ìpele ojú mi, mo sì wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ibi tí ó ti bá ara pàdé, bí káfíńtà ti ń wo pákó láti mọ̀ bóyá ó tọ́. Bí ọrùn bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, kò burú, nítorí pé irin truss rod tí ó wà nínú rẹ̀ lè dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. N kì í béèrè iye owó rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, mo ta okùn kọ̀ọ̀kan ní ojú fret kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìkánjú, mo ń fetí sí ibi tí okùn bá ti ń gbọ̀n mọ́ irin tàbí tí ohùn bá ti kú. Mo tún ta okùn ní fret kejìlá lọ́nà méjì: mo fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́ kí ó fi dún bí agogo, mo sì wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ìgbà tí èyí parí ni mo tó ní kí òṣìṣẹ́ náà so ó mọ́ ámpù, kí ó pa reverb àti gbogbo ọ̀ṣọ́ ohùn tí ó wà lórí rẹ̀, kí ohùn gìtá nìkan lè ṣẹ́ kù. Mo yí bọ́tìnì ohùn lọ yí i bọ̀ láti gbọ́ bóyá ó ń han, mo gbé swíìṣì láti pickup kan sí èkejì, mo sì mi wáyà níbi tí ó ti wọ ara gìtá.

Orin tí mo fi ń dán gìtá wò ni irú èyí tí mo máa ń ta nílé. Jùjú àti orin ìyìn tí ó jọ ọ́ ni ọwọ́ mi mọ̀. Àwọn olórin wa ti ń fi iná gbé ohùn gìtá jáde ó ti pẹ́. Àyìndé Bákàrè ni ìtàn jùjú dárúkọ pé ó kọ́kọ́ so gìtá rẹ̀ mọ́ ámpù, ní 1949. Nígbà tí ó di ayé Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, gìtá ti di púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ìkọ̀ọ̀kan ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré tirẹ̀ léraléra, Démọ́lá Adépọ̀jù sì fi steel guitar kún un lẹ́yìn King Sunny Adé. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, gìtá tí ohùn rẹ̀ bá ṣú yóò sọnù sáàárín ìlù àti àwọn gìtá yòókù. Ohùn tí ó mọ́, tí ó yára jáde, tí ó sì yára kúrò lọ́nà ni mo ń wá. Ní àjà kan náà, ọ̀dọ́kùnrin kan ń dán Les Paul, gìtá Gibson kan, wò pẹ̀lú ariwo rọ́ọ̀kì tí ó dùn púpọ̀, mo sì gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé gìtá ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí mo ní fún tèmi. Ó yẹ kí ènìyàn mọ orin tí yóò lọ ta kí ó tó wọ irú ibi bẹ́ẹ̀, torí pé ohun gbogbo ni yóò máa wù ú.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń rajà fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ orin dúró lé lórí dáadáa. Gìtá oníná fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà, nítorí kò sí ohun tí a ń kì bọ ògiri lára rẹ̀. Bí ó ti dún ní Tokyo ni yóò ṣe dún ní Òṣogbo. Ámpù, kíbọ́ọ̀dù, míkísà àti adápútọ̀ pẹ́dà (ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà) ni ọ̀rọ̀ kàn. Fóltì 100 ni iná ilé ní Japan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ìlú Ọba àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lo 230, tiwa ní Nàìjíríà náà sì wà láàárín 230 sí 240, nígbà tí ó bá wà bí ó ti yẹ. Bí ẹnì kan bá kì ámpù tí wọ́n ṣe fún fóltì 100 bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa ní tààrà, iná tí ó ju ìlọ́po méjì èyí tí ó lè gbà ni ó rọ́ sínú rẹ̀ yẹn. Bí fíúsì bá yára já, ọpẹ́ ni. Bí kò bá yára já, tiransifọ́mà inú rẹ̀ lè jóná, owó tí a rò pé a fi pamọ́ yóò sì bá a lọ.

Àwọn kan yóò ní ṣebí step-down tí ń dín fóltì kù wà. Ó wà, mo sì ń lò ó fún ohun èlò kan nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Èkíní, agbára step-down náà gbọ́dọ̀ ju iye wáàtì tí ohun èlò ń jẹ lọ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa gbóná títí yóò fi kọṣẹ́. Èyí tí ó tún fara sin ni pé step-down tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà wa, 110 ni ó ń gbé jáde, torí ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sọ́kàn. Ohun èlò ilẹ̀ Japan tí a ṣe fún 100 yóò máa gba àfikún nígbà gbogbo, pàápàá lọ́jọ́ tí iná ìjọba bá wá pẹ̀lú agbára tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ. Bákan náà, iná Amẹ́ríkà ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń lù ní ìgbà 50, step-down kì í sì yí èyí padà; tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 nìkan lè máa gbóná lọ́dọ̀ wa. Tokyo ń lo 50 bíi tiwa, ṣùgbọ́n Osaka ń lo 60 nínú ilẹ̀ Japan kan náà. Nítorí náà, ámpù onígílóòbù (tí wọ́n ń pè ní tube amp) tí ó jẹ́ ti fóltì 100 tàbí 120 nìkan, mo máa ń wò ó, mo máa ń yìn ín, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀.

Ohun tí ó rọrùn ni pé gbogbo èyí wà nínú àkọsílẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀ ohun èlò. Bí ó bá kọ ọ́ pé INPUT 100–240V, 50/60Hz, kò sí ibi tí kò ti lè ṣiṣẹ́ ní ayé. Ohun tí ènìyàn nílò kò ju púlọ́ọ̀gì tí yóò wọ ògiri wa lọ. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ òde òní ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n adápútọ̀ pẹ́dà lè fara jọra kí ó má jẹ́ ọ̀kan náà. Àpẹẹrẹ ni ti iléeṣẹ́ Boss tí ń ṣe pẹ́dà: PSA-100 jẹ́ ti Japan, PSA-120 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé PSA yẹn ni ó sì ń tọ́ka sí fóltì rẹ̀. Pẹ́dà náà kò yàtọ̀, torí náà a lè ra pẹ́dà nìkan ní Tokyo, kí a sì wá adápútọ̀ tí ó bá iná wa mu nílé, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ fóltì 9 tí pẹ́dà béèrè, tí àmì tí wọ́n yà sára méjèèjì sì bára mu.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti rí ẹni kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ámpù yékéyéké. Ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Peckham láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó mú mi lọ sí Denmark Street, òpópónà kúkúrú kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Tottenham Court Road. Àwọn tí ń kọ orin àti àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ jáde ni wọ́n fi òpópónà náà ṣe ibùgbé nígbà àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ó ń jẹ́ Regent Sounds lónìí jẹ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ nígbà kan rí, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones ti gba àwo orin ńlá wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1964. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó kù níbẹ̀ ti dínkù sí ti àtẹ̀yìnwá nítorí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ yí àdúgbò náà ká, síbẹ̀ ó dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan gìtá tí ó ti dàgbà.

Mo tẹ̀ síwájú láti wo iwájú ámpù kékeré kan, mo ń wo bí aṣọ rẹ̀ ṣe dára tó.

“Àbúrò,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó wo iwájú rẹ̀.”

“Ṣé ti fóltì ni, ẹ̀gbọ́n?”

“Ti fóltì ni, ti òórùn ni, ti sìkúrù ni.”

Ó tẹ̀ ba, ó sì fi hàn mí. Àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn ámpù náà sọ pé 230 ni, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì jẹ́ olórí mẹ́ta onígun tí a ń lò nílé. Lẹ́yìn náà ó sún imú mọ́ àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ láti gbọ́ bóyá òórùn wáyà jíjó wà níbẹ̀, ó sì fi iná fóònù wo orí àwọn sìkúrù bóyá ẹnìkan ti tú u léraléra. Ó ní ámpù tí sìkúrù rẹ̀ bá ti họ yán-ányán-án, ẹnìkan ti wá nǹkan lọ sínú rẹ̀, ó sì yẹ kí olùtà lè sọ ohun tí ẹni náà wá. A tan ámpù náà, a jẹ́ kí ó gbóná fún ìgbà pípẹ́ kí n tó ta ohunkóhun, nítorí pé ọ̀pọ̀ àìsàn ámpù kì í fara hàn ní kùtùkùtù. Mo rà á. N kò gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni ẹ̀gbọ́n kó o fún, láàárín àwọn ẹrù tí ó ń fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà yìí ni ó bọ́gbọ́n mu fún ohun tí ó wúwo. Ámpù bíi Fender Twin Reverb tó kìlógíráàmù 29, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kì í gbà ju 23 lọ fún ẹrù kan.

Owó orí ọjà ń yí iye owó padà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní Japan, arìnrìn-àjò tí ó bá ra ọjà tí ó tó yẹ́ẹ̀nì 5,000 ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ní àṣẹ rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, bí ó bá mú páspọ́ọ̀tù rẹ̀ dání. Láti 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2026, ìlànà tuntun wọn ni pé kí ènìyàn san gbogbo owó náà, kí ó sì gba owó orí náà padà nígbà tí ó bá ń jáde ní ìlú. Ní Jámánì, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ènìyàn sì lè gbà á padà bí ọjà bá ju yúrò 50 lọ, tí àwọn aṣọ́bodè sì fi òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀ kí ó tó wọ bàálù. Ìlú Ọba ti fi òpin sí irú àánú yìí fún ọjà tí ènìyàn gbé lọ́wọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n kọ sára ọjà kò ní owó orí nínú, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi tirẹ̀ kún un nígbà tí a bá ń sanwó, àfi ìpínlẹ̀ bíi Oregon àti Delaware tí kì í gbà á.

Amẹ́ríkà ní ọjà àlòkù tí ó pọ̀ púpọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ń ṣọ́ra jù fún ayédèrú gìtá Gibson, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkan lásán ni mo ti fẹ́ rà á, tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìdérí kékeré orí Gibson tí ó bo ojú truss rod, sìkúrù méjì ni ó dì í mú. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ní mẹ́ta. Àmì kan péré kò tó láti fi dájọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè.

Ojú ọjọ́ wa ni ó mú kí n máa ṣọ́ra fún box guitar. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe gìtá onígi ń fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ Èkó àti Ìbàdàn kọjá ìyẹn lọ fíìfíì. Nígbà ọyẹ́, ó já wálẹ̀ débi pé ètè ènìyàn pàápàá ń là. Gìtá tí ojú rẹ̀ jẹ́ igi kan gbọnrangandan ni ohùn rẹ̀ máa ń dùn jù, òun náà ni ó sì máa ń tètè là. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ pákó onípele tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ kò ní ohùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fara da ilé tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kí ó tan iná fóònù sí etí ihò tí ó wà láàárín gìtá náà. Bí ilà igi tí ó wà lójú bá tẹ̀ síwájú wọ inú etí ihò náà láìdá, igi kan ni. Bí ó bá rí ìpele bíi mẹ́ta tí ó tò léra, pákó onípele ni. Fún ṣọ́ọ̀ṣì tí gìtá máa ń wà lórí àga láti ọjọ́ ìsinmi dé ọjọ́ ìsinmi, onípele ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ èkejì, kí ó máa fi í pamọ́ sínú kéèsì, kí ó sì ra ohun kékeré tí ń fún igi ní omi lásìkò ọyẹ́ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ irú igi tún kan òfin. Igi rosewood ti ilẹ̀ Brazil wà lábẹ́ òfin CITES (òfin àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tí ó lè run) tí ó le jù láti 1992, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé gìtá àtijọ́ tí wọ́n fi ṣe kọjá ibodè láìní ìwé àṣẹ. Àwọn irú rosewood yòókù wọ abẹ́ òfin ní 2017, ṣùgbọ́n láti òpin 2019 ni wọ́n ti yọ ohun èlò orin tí iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀ kúrò. Gìtá tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro mọ́. Gìtá àtijọ́ olówó iyebíye ni kí ènìyàn béèrè ìwé rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi eyín erin ṣe nǹkan sí lára.

Telecaster tí mo rà ní Tokyo, nínú àpótí aṣọ mi ni ó bá mi délé. Sìkúrù mẹ́rin ni ó so ọrùn irú gìtá yẹn mọ́ ara rẹ̀, ó sì wà lára ìdí tí mo fi yàn án. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò, mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, mo tú okùn rẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ fi rọ̀ jọwọlọ, mo sì ń tú sìkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí igi má baà fà ya. Ọrùn náà yọ wẹ́rẹ́. Nínú kòtò tí ó ti jáde ni mo ti rí páálí pélébé kan tí ẹni tí ó ni í tẹ́lẹ̀ gé sábẹ́ rẹ̀ láti gbé ọrùn náà sókè. Páálí yẹn ni ó jẹ́ kí okùn wà ní gíga tí ó bá ọwọ́ mi mu ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tí mo ti bá a. Mo di sìkúrù sínú ọ̀rá kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gìtá, mo fi aṣọ òtútù wé ara, mo fi ṣòkòtò jínsì méjì wé ọrùn, mo sì tẹ́ ẹ dábùú láti igun àpótí dé igun kejì. Kò sí ẹni tí ó béèrè owó ẹrù gìtá lọ́wọ́ mi.

Gibson kò ṣeé ṣe báyìí, nítorí pé wọ́n lẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ara ni. Orí rẹ̀ tún dẹ̀ sẹ́yìn, ibi tí orí àti ọrùn ti pàdé sì ni ó máa ń ṣẹ́ jù bí kéèsì bá ṣubú lulẹ̀. Kéèsì líle ni kí irú rẹ̀ wà, kí a fi aṣọ há abẹ́ orí rẹ̀ kí ó má lè mì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń fẹ́ kí òòró, ìbú àti gíga ẹrù jọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 158. Kéèsì gìtá oníná sábà máa ń wà ní bèbè iye yẹn. Ti box guitar ńlá máa ń kọjá rẹ̀, torí náà kí ènìyàn wọ̀n ọ́n kí ó tó sanwó gìtá. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 2012, tí ìlànà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú wọn láti gba ohun èlò orin kékeré bíi gìtá sínú ọkọ̀ bí àyè bá ṣì wà lókè nígbà tí oníǹkan wọlé. Mo máa ń ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí fóònù, mo sì máa ń wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tò. Ìlú tí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ṣáájú, mo sì ń mú èsì wọn dání.

Rìsíìtì gbogbo ohun tí mo rà máa ń wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí, kí n lè fi í hàn àwọn aṣọ́bodè láìjanpata. Bí mo bá délé, n kì í ṣí kéèsì lójú ẹsẹ̀, pàápàá èyí tí ó wá láti ìlú tí òtútù ti ń mú. Mo máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí igi àti ọ̀dà rẹ̀ lè bá ooru ilé mu díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọrùn yóò ti yí padà díẹ̀ nítorí ọ̀rinrin, ìgbà náà ni mo máa ń gbé e lọ fún ẹni tí ń tún gìtá ṣe. Kọ́kọ́rọ́ truss rod máa ń bá gìtá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ti Gibson kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Fender, kò sì dáa kí ó wá fi èyí tí kò bá a mu fipá yí i.

Okùn ni mo tún ń rà jù lọ, ó fúyẹ́, kì í bàjẹ́ nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè fóltì rẹ̀. Òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin Ìbàdàn máa ń jẹ́ kí okùn lásán dípẹtà kíákíá, nítorí náà irú èyí tí wọ́n fi nǹkan bò lára, bíi ti Elixir, ni mo ń rà fún gìtá tí a ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kódà bí ó bá gbówó lórí jù. Àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa ti kọ ti ìrìn àjò tí ó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi: okùn 10 sí 46 (ìwọ̀n bí okùn ṣe nípọn sí) fún gìtá oníná, 12 sí 53 fún box guitar, 45 sí 105 fún béèsì, àti píìkì tí ó nípọn fún ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lead.